Ṣé O Mọ̀? Kálórì Òòjọ́, Láti Ìdí Ebè Dé Ìdí Òfì

Ṣé o mọ̀ pé kí aago tó ń ka ìṣísẹ̀ tó dé Ṣakí ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ti ń fi òǹkà dá iṣẹ́ òòjọ́ fún ara rẹ̀? Ebè ló fi ń kà á. Bí o bá bi àgbà kan léèrè bí oko rẹ̀ ti tó, ó ṣeé ṣe kó má fi éékà dá ọ lóhùn rárá. Igba mélòó ló kọ ni yóò sọ. Igba kan, igba méjì, igba márùn-ún. Alágbàṣe náà mọ iye ebè tó fẹ́ kọ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó sì mọ iye owó tí yóò gbà lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣègùn òde òní ń pè ní àfojúsùn ojoojúmọ́ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ohun tí a ń kà ló yàtọ̀: wọ́n ní ká máa ka kálórì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kà á.

Ṣé o mọ ohun tí kálórì jẹ́ gan-an? Ooru ni. Kálórì kan, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ, ni ooru tó lè mú kí omi lítà kan fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i. Nicolas Clément, ará Faransé, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Paris láàárín 1819 sí 1824, ẹ̀rọ tí ooru ń gbé ṣiṣẹ́ ló sì wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Wilbur Atwater ló gbé e wọ inú ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1887.

Ṣé o mọ̀ pé agbára tó wà nínú ẹ̀pà 100 gíráàmù lé ní kálórì 550? Ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan péré ni. Bí a bá lè sọ gbogbo rẹ̀ di ooru láìjẹ́ kí díẹ̀ ṣòfò, yóò mú nǹkan bíi lítà méje omi tútù hó. Omi ìwẹ̀ àgbàlagbà kan nìyẹn, nínú ẹ̀pà tí èèyàn ń jù sẹ́nu bó ṣe ń dúró kí mọ́tò kún ní gáréèjì Ìsẹ́yìn. Òróró inú ẹ̀pà ló fà á. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9. Ti ṣúgà jẹ́ 4, ti èròjà amáradàgbà náà jẹ́ 4. Ìdí nìyí tí epo pupa ẹ̀kún ṣíbí ńlá kan fi ń kó nǹkan bíi kálórì 120 wọnú ọbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ara ń ná kálórì nígbà tí èèyàn bá sùn fọnfọn? Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó tó pọ̀ jù wà. Ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ara ń mú ara rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń ná lórí ìsinmi. Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń lò, láti 1990 ló ti jáde, Mifflin àti St Jeor ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mú ìwọ̀n kílò rẹ, sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Mú gíga rẹ ní sẹ̀ǹtímítà, sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25, fi kún ti àkọ́kọ́. Yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí rẹ kúrò. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, fi 5 kún un. Bí o bá jẹ́ obìnrin, yọ 161. Obìnrin ẹni ọdún 45, tó wọn kílò 70, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, yóò rí i pé ara òun ń ná kálórì tó lé díẹ̀ ní 1,300 lójúmọ́, bí òun kò bá tilẹ̀ kúrò lórí ẹní.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ mẹ́nu ba èyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eré ìdárayá ni gbogbo ìnáwó ara. Rárá o. Àlékún ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni ogójì ọdún tó ń sanra kò lè máa sọ pé iná inú ara òun ló ti ń kú? Ní 2021, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì àwọn èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29 jọ, láti orí ìkókó ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ dé orí arúgbó ẹni ọdún 95. Bí wọ́n ṣe gbé ìwọ̀n ara yẹ̀ wò tán, wọ́n rí i pé láti ogún ọdún dé ọgọ́ta, iná náà ń jó bákan náà. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló tó ń rẹlẹ̀, kò sì ju ìdá 0.7 nínú 100 lọ lọ́dọọdún.

Wàyí o, wo ọwọ́ ẹni tó ń kọ ebè. Ó la ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gbé ọkọ́ ga dé ìwọ̀n èjìká, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó wọ́ erùpẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó bọ́ sí apá kejì, ó tún wọ́. Ó yí i ká, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a kó lè dì. Ebè kan ti dìde dé orúnkún. Kò nàró kó tó mú èyí tó kàn. Ìrì ṣì wà lára koríko nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìrì náà bá fi gbẹ tán, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rán mọ́ èèkù ọkọ́. Ta ló máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ máa sáré yípo pápá ní ìrọ̀lẹ́?

Ṣé o mọ̀ pé a lè fi ìṣirò wo iṣẹ́ rẹ̀? Barbara Ainsworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde ní 1993, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, èyí tó kẹ́yìn ní 2024. Wọ́n to iṣẹ́ ara lónírúurú síbẹ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìjókòó jẹ́jẹ́ ni 1. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó nǹkan bíi 3.5. Fífi ọkọ́ walẹ̀ tó nǹkan bíi 5. Ẹni tó ń sáré tó lè gba kìlómítà 10 ní wákàtí kan sún mọ́ 10. Fi nọ́ńbà iṣẹ́ náà sọ ìwọ̀n kílò rẹ di púpọ̀, o ti rí kálórì tí o ń ná ní wákàtí kan. Alágbàṣe oníkílò 70 tó fi wákàtí mẹ́rin kọ ebè ti ná nǹkan bíi 1,400. Ẹni tó rìn kánmọ́kánmọ́ fún wákàtí kan ná 245, bẹ́ẹ̀ ni 70 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí yóò ná bó bá jókòó sílé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó sá eré kìlómítà 42 kò tíì jó ìlàjì kílò ọ̀rá? Kílò ọ̀rá ara kan dà bíi kálórì 7,700. Eré sísá ń gba nǹkan bíi kálórì kan fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni oníkílò 70 yóò ná bíi 2,950 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá ta egbòogi fún pé "kílò mẹ́wàá lọ́sẹ̀ méjì" rántí ìṣirò yìí kó tó ná owó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó sún mọ́ wa jù. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó yí èrò àwọn onímọ̀ padà lórí ọ̀rọ̀ kálórì wáyé ní Ìbàràpá, ní ẹnu ààlà wa níbí? Agbègbè Igbó-Ọrà ni, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìbejì. Amy Luke àti Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago, pẹ̀lú Adebowale Adeyemo àti William Brieger tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn mìíràn, mú obìnrin 149 láti ìgbèríko wa, wọ́n mú obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 láti Maywood lẹ́bàá Chicago. Èrò gbogbo èèyàn, tèmi náà ì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ni pé obìnrin tó ń ti oko dé, tó tún ń pọnmi, yóò máa ná kálórì ju ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Omi ni wọ́n fún wọn mu. Omi náà kò yàtọ̀ sí omi mìíràn lẹ́nu, àmọ́ díẹ̀ nínú haidirójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ wúwo ju ti omi kànga lọ. Haidirójìn tó wúwo ń bá omi ara jáde nìkan, ìyẹn ìtọ̀, òógùn àti ọ̀rinrin. Ọ́síjìn tó wúwo ń bá omi ara jáde, ó sì tún ń bá afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta jáde. Wọ́n á máa gba ìtọ̀ èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yára dín kù sí. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò sọ iye èémí tó jáde, èémí náà ni yóò sì sọ kálórì. Ẹni tí wọ́n ń wọ̀n yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sí ẹ̀rọ kankan lára rẹ̀. Nathan Lifson ló wá ọgbọ́n yìí rí, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1955. Dale Schoeller, tó wà nínú àwọn tó ṣe ti Igbó-Ọrà, ló kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn ní 1982.

Èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Nínú obìnrin 100 ní tiwa, 7 ló sanra jù. Ní Maywood, 50 ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ìyàtọ̀ títóbi ara kúrò, kálórì tí àwọn méjèèjì ń ná lórí iṣẹ́ ara kò yàtọ̀. Wọ́n tún ń wọ̀n wọ́n fún ọdún mẹ́ta sí i: iye tí obìnrin kan ń ná ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ bóyá yóò sanra sí i tàbí yóò fọn. Ojú wá yí padà sí ibi ìkòkò ọbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí èsì yẹn jáde, Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn Hadza ní Tanzania pẹ̀lú irú omi kan náà. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ń wa iṣu ìgbẹ́, wọ́n ń rìn káàkiri lójoojúmọ́. Àròpọ̀ kálórì wọn kò ju ti òyìnbó tó ń jókòó lọ nígbà tí wọ́n fi ìwọ̀n ara wé ìwọ̀n ara.

Ṣé o mọ̀ pé ara máa ń gbowó padà lẹ́yìn rẹ? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ná púpọ̀ sórí iṣẹ́, ara á fún owó ibòmíràn lọ́rùn: á dín mímì ẹsẹ̀ àti ọwọ́ láìnídìí kù, á dín díẹ̀ kù nínú iṣẹ́ abẹ́nú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021, tó kó àgbàlagbà 1,754 jọ, fi hàn pé nínú kálórì 100 tí èèyàn fi eré ìdárayá ná, bíi 72 ló ń hàn nínú àròpọ̀ ọjọ́ náà. Ara ti dọ́gbọ́n mú 28 padà. Ẹ̀bi rẹ kọ́, ìwà ọ̀lẹ rẹ sì kọ́.

Kí la wá fẹ́ fi àfojúsùn ṣe? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fi han ayé pé ìrìn ń dáàbò bo ọkàn? Ní 1953, dókítà Jeremy Morris wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dírẹ́bà jókòó látàárọ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì náà lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó, àtẹ̀gùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́. Ìlú kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ dáadáa, èyí tó bá sì mú kọ̀ndọ́kítọ̀ kì í sábà le tó ti dírẹ́bà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, àìróorunsùn, egungun tó ń gbó: ìwọ̀nyí ni eré ìdárayá ń bá jà, bí òṣùwọ̀n kílò kò bá tilẹ̀ kúrò lójú kan. Mo ti rí ẹni tó pa eré rẹ̀ tì lẹ́yìn oṣù kan nítorí pé kílò rẹ̀ kò dín, ó sì dùn mí gan-an, torí pé ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà kọ́ ló ń wò.

Ṣé o mọ iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe? Nínú ìlànà 2020 wọn, ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ohun tó jọ ọ́ lọ́sẹ̀, tàbí ìdajì rẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tó le. Pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń gba agbára iṣan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Jẹ́ ká fi ìṣirò wa wò ó. Ìṣẹ́jú 150 fún ẹni oníkílò 70 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 610 lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi 87 lójúmọ́. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! Kò tó epo ẹ̀kún ṣíbí ńlá kan, síbẹ̀ òun ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dá nọ́ńbà fún ara rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bó bá dé 175 lójúmọ́, ó ti dé orí ìṣẹ́jú 300. Kí ló ń sáré kálórì 1,000 lé kiri fún, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ bàtà kánfáàsì?

Ṣé o mọ̀ pé ìṣísẹ̀ 10,000 kò ti ilé ìwòsàn kankan wá? Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, ó sì sọ ọ́ ní manpo-kei, aka-ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìyá àgbà tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, èsì tó jáde ní 2019 fi hàn pé àwọn tó ń rin 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, pé àǹfààní náà sì ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bíi 7,500 kó tó dúró. Bí ìyá rẹ ní Òkèhò bá ń fẹsẹ̀ lọ sọ́jà, tó ń ti ọjà dé, má ṣe fi 10,000 dẹ́rù bà á.

Ẹ wo obìnrin tó ru igi bọ̀ láti oko. Òṣùká wà lórí, igi wà lórí òṣùká, ọrùn dúró ṣánṣán, apá ń jù fẹ̀ẹ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature kọ nípa irú wọn ní 1986? Àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà ni. Wọ́n wọn èémí wọn, wọ́n rí i pé ẹrù tó tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kò fi kálórì kankan kún ìnáwó wọn. Obìnrin oníkílò 60 á ru kílò 12 lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn onímọ̀ mìíràn tún lọ wo àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2010, wọn kò sì rí ọ̀fẹ́ náà níbẹ̀. Tèmi ni pé yálà ara ń ná an tàbí kò ná an, ọrùn mọ̀ pé òun ru ẹrù, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìwádìí kankan ṣe àwáwí láti máa di ẹrù lé àwọn obìnrin wa lórí.

Òkè ńkọ́? Àgbègbè wa kún fún àpáta. Òkè Àsabàrí dúró ní Ṣakí. Ní Àdó-Àwáyè, àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ló gbé èèyàn lọ sórí òkè tí adágún omi Ìyákẹ́ wà. Ṣé o mọ̀ pé ẹni oníkílò 70 tó gbé ara rẹ̀ ga sókè ní mítà 100 gbáko kò ṣe ju iṣẹ́ kálórì 16 àti díẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n iṣan ara kì í ṣe ẹ̀rọ tí kì í fi nǹkan ṣòfò: bí ó bá ṣe iṣẹ́ kan, á fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ooru. Ìdí nìyẹn tí ìnáwó rẹ̀ fi tó 65 sí 80, tí ara rẹ̀ á sì gbóná janjan kó tó dé òkè. Ṣúgà 20 gíráàmù á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìgò mínírà kan tó ní ṣúgà 50 gíráàmù á dá a padà ju ìlọ́po méjì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òógùn kì í ṣe ọ̀rá? Omi àti iyọ̀ ni. Ẹni tó wọ súwẹ́tà sáré nínú oòrùn ọ̀sán kí "ọ̀rá lè yọ́" kàn ń sọ omi ara rẹ̀ nù, bó bá mumi tán, kílò náà á padà. Ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà kúrò lára nìyí: èémí. Ruben Meerman àti Andrew Brown ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2014. Bí kílò ọ̀rá mẹ́wàá bá jó tán nínú ara, 8.4 ń gba ẹnu àti imú jáde bí afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, 1.6 ń di omi.

Ìdí òfì ló kàn mí lọ́kàn jù, ká sọ òótọ́. Ìsẹ́yìn ni ilé aṣọ òfì, gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ òkè lọ sí òde ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Ahunṣọ jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìtẹsẹ̀, ọwọ́ òsì gba ọ̀kọ̀, ọwọ́ ọ̀tún jù ú padà, òwú nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ lọ bá òkúta tó dì í mú. Ọwọ́ yára débi pé ojú kò lè tẹ̀ lé ọ̀kọ̀. Síbẹ̀ ìbàdí kò kúrò lójú kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣé o mọ̀ pé James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2005 pé àwọn tó sanra tí wọ́n wò ń jókòó ju àwọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ní bíi wákàtí méjì lójúmọ́, pé bí wọ́n bá ń dìde bíi tàwọn yẹn, wọ́n lè fi bíi kálórì 350 kún ìnáwó wọn lójúmọ́, láìsí eré sísá kankan? Fún ahunṣọ, àfojúsùn tó dára jù kò sí nínú fóònù. Ó wà lára aṣọ tó ń hun: bó bá ti hun gígùn apá kan, kó dìde, kó rìn dé ìdí òkúta rẹ̀ kó padà, kó na ẹ̀yìn. Kó má fi ọ̀kadà lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn tó ní aago ńkọ́? Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé irú aago méje wò lára èèyàn 60. Mẹ́fà nínú wọn ka lílù ọkàn dáadáa. Lórí kálórì, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n kà: èyí tó sàn jù fi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù fi ìdá 93. Bí aago bá sọ fún ọ pé o ti ná 500, má tìtorí rẹ̀ bu iyán kún iyán.

Ṣé o mọ̀ pé kílò iṣan kan ń ná nǹkan bíi kálórì 13 lójúmọ́ lórí ìsinmi, tí kílò ọ̀rá kan kò ná ju 4 àti ààbọ̀ lọ? Ìyàtọ̀ náà kéré sí ohun tí wọ́n ń pariwo ní jímù. Ohun tí iṣan wúlò fún ju ìyẹn lọ: òun ló ń gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, òun ló sì ń gbé àgbà dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Gígún iyán wà nínú rẹ̀, igi lílà wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu rẹ ni aago tó dára jù? Bí o bá ń rìn tí o lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, o wà ní ìwọ̀n ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ, ó ti le. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tó lóyún, tàbí tí àyà ń dùn ún bó bá rìn, kó kọ́kọ́ fojú kan nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn wa kò sì ṣeé bá ṣeré: kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kó jẹ́, kí omi sì wà nítòsí.

Ó ku àwọn ọmọdé. Ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́. Láyé ìgbà kan, kò sẹ́ni tó ń kà á, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ilé ìwé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀, wọ́n á tún sáré lọ sí odò. Dúró sí ìkóríta kan ní Ṣakí ní aago méje àárọ̀ báyìí, kí o wò: ọmọ mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan, báàgì lọ́rùn, wọ́n há mọ́ àárín ọlọ́kadà àti ara wọn. Bí ilé ìwé wọn kò bá jìnnà ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ, àlọ àti àbọ̀ ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú nínú ọgọ́ta yẹn. Ibi tí ọ̀nà bá ti láàbò, tí wọ́n sì pọ̀ tí wọ́n lè jọ rìn, ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀.